Ilẹ̀ Abẹ́ Ẹní

Ẹ̀rọ awolẹ̀ ti ń tọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wò fún ìgbà díẹ̀ kí Ṣẹ̀gilọlá tó fura pé nǹkan kan ń dà á láàmú. Iṣẹ́ tí kì í pẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Á gún abẹ́rẹ́ gígùn wọnú ilẹ̀, á fà á yọ, á fi kan ahọ́n irin tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ bóyá iyọ̀ òkun ti wọ ilẹ̀ náà tàbí kò tíì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí igi ọsàn láàárọ̀ yìí, ńṣe ló dúró. Ó gún ibẹ̀, ó fà á yọ, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó tún gún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ ti ń sùn.

"Àbí iyọ̀ ti débẹ̀?" Akínwándé bi í. Àbúrò Ṣẹ̀gilọlá ni, kò sì ní àbúrò mìíràn. Ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn.

"Iyọ̀ kò tíì débí," ẹ̀rọ náà fèsì. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ìyá onísùúrù, irú èyí tí ènìyàn máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilẹ̀ pupa gidi ni, ó dára fún Odi òkun. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn wà nínú rẹ̀, mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo lẹ sin síbí?"

"A ò sin ẹnikẹ́ni síbí," Ṣẹ̀gilọlá sọ. "Itẹ́ òkú ìjọ la sin ìyá wa sí, omi sì ti gbé ìyẹn náà lọ."

"Wọ́n kéré. Inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n wà, lábẹ́ gbòǹgbò igi yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Ṣẹ̀gilọlá, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò rẹ́rìn-ín. "Ibi ọmọ ni," ó sọ. "Ibi èmi àti ti àbúrò mi. Kì í ṣe òkú."

Ẹ̀rọ náà fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ yọ. "Wọn kò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn."

Wọn ò ní kọ́ ọ lóòótọ́. Òkè ni wọ́n ti ṣe é, inú àwọn ilé gogoro tí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: bí obìnrin bá bímọ tán, ohun tó bá ọmọ jáde ni wọ́n á kó sínú ìṣaasùn, wọ́n á dé e, wọ́n á sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, ibikíbi tí ọmọ náà bá sì rìn dé láyé, ibẹ̀ nilé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ ṣeun," ó sọ. "Ara ènìyàn náà ni. Òfin kò gbà á mọ́ ilẹ̀ Odi. Ẹni tó bá ni ín ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ hú u, màá sì yẹ ọwọ́ náà wò. Bí ẹni tó ni ín bá ti kú, a ó sàmì ibojì sí ilé yìí. Ilé ibojì kò ṣeé tà."

"Mẹ́ta lo pè é," Akínwándé sọ. "Àwa méjì la wà."

"Mẹ́ta ni, sà."

Akínwándé gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹnu géètì láti wo pátákó, Ṣẹ̀gilọlá sì tẹ̀lé e. Gbogbo ilé tó kù ní Ìdí-Àgbọn ló ní irú pátákó yẹn, dígí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó géètì, tó ń sọ iye yàrá tí ilẹ̀ abẹ́ ilé náà lè rà lókè. Àwọn oníṣẹ́ Odi kò bìkítà nípa bíríkì tàbí páànù. Ilẹ̀ tí iyọ̀ kò tíì bà jẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n lè kó o lọ mọ ògiri tó ń dá òkun dúró. Ibi tí wọ́n bá ti ra ilé kan, ihò ni wọ́n ń fi sílẹ̀, omi á sì kún inú ihò náà. Láti ẹnu géètì yìí, ènìyàn lè ka ilé tó ṣẹ́kù lórí ìka ọwọ́ kan.

YÀRÁ MẸ́TA, pátákó náà ń sọ.

"Ó ṣì dúró," Akínwándé sọ, ó mí kanlẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, márùn-ún ló ń sọ. Akínwándé ní kí wọ́n tà á, Ṣẹ̀gilọlá ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn tà ní àdúgbò yẹn. Ẹ̀rù ba Ìyá Rúkà tó ń gbé lódìkejì, ó tà nígbà tí tirẹ̀ wà ní méjì. Kò pẹ́ tí iye gbogbo àdúgbò fò sókè, obìnrin náà sì di ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè lọ́jọ́ Jímọ̀, tí á dúró sí etí ihò tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí á máa wò ó. Bàbá Tíṣà ní tirẹ̀ dúró de mẹ́fà. Iyọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé rẹ̀ láìdún láìfọ̀, pátákó rẹ̀ kú, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lórí ọkọ̀ ojú omi báyìí, níbi tí àwọn tí kò ní yàrá lókè ń gbé. Àwọn méjèèjì làwọn ará àdúgbò ń pè ní òmùgọ̀, ẹni tó tètè tà àti ẹni tí kò tà. Ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ ni a kò tíì rí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yẹn ni ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn fi ọ̀dà dúdú kọ sára ògiri wà, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Nígbà náà, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń ta ilé onílé ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Gbájú-ẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ náà kù, òfin sì ti fún un lágbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ lè wọlé wá wo ilẹ̀ bí àkọ́bí ilé bá pè é, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ṣì wà lára ògiri. Àwọn ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ ha á kúrò. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń ha ọ̀dà ti wà lápò Ṣẹ̀gilọlá láti ìdájí, ó sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá jókòó ní pálọ̀, ó ń mu ògì. Fúnra rẹ̀ ló fi táìsì sí pálọ̀ yẹn lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó sì dá ààyè kan sí láàárín, èyí tó gùn tó ènìyàn, tí kò fi nǹkan kan bò àfi ẹní. Àlejò tó bá wọlé á yà fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ibẹ̀ ni Bàbá fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Lókè, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ nítorí ilẹ̀ kò sí. Wọ́n á gbé e wọ yàrá kan nísàlẹ̀ ilé gogoro, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n á ti sun ún, wọ́n á sì fi agolo eérú rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún tí omi gbé itẹ́ òkú ìjọ lọ pẹ̀lú ìyá wọn nínú rẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá fọwọ́ lé ẹní yẹn, ó ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi í sínú agolo.

Àníkẹ́, ìyàwó Akínwándé, náà wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àpótí. Oyún rẹ̀ ti wálẹ̀. Okùn ọwọ́ kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi ìka yí.

"Wọ́n ti fún mi sílẹ̀ kó tó dé," ó sọ fún Ṣẹ̀gilọlá, ó gbé e sókè kó lè rí i. "Nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ ní òun ò rò pé mo máa kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, Àǹtí mi."

Ṣẹ̀gilọlá mọ ohun tí okùn náà jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ọkọ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ kò ní yàrá lókè, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Ọmọ omi ni yóò máa jẹ́ nínú gbogbo ìwé, kò sì sí ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn òkè tí yóò gbà á wọlé títí yóò fi dàgbà.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," Akínwándé sọ, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde. "Ìkòkò mẹ́ta ni ẹ̀rọ rí nídìí ọsàn. Ta ló ni ẹ̀kẹta?"

Bàbá fi ṣíbí ro ògì rẹ̀. "Ògì yìí ti tutù."

"Bàbá mi, ẹ dákun. Ṣé Màámi bí ẹlòmíràn ṣáájú wa ni? Bó bá jẹ́ pé ọmọ kan kú, ẹ sọ fún wa, ká mọ̀ pé ó ti parí."

"Ìyá yín kò sin ọmọ rí."

"Ta wá ni?"

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá jẹun ná," Àníkẹ́ sọ. Ọkọ rẹ̀ wo okùn búlúù ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ìdí kànga ni Ṣẹ̀gilọlá bá a. Ó dúró, ó ń wo omi tó wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà, omi tí kò yé rú sókè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ń dán nínú oòrùn bí ẹni pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n," Akínwándé sọ. "Bàbá mọ ẹni tó ni ín. Wọn ò fẹ́ kúrò ni. Wọ́n ń jókòó lé wa lórí."

"Bàbá rẹ lò ń bá wí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí wọ́n bá kú lónìí, ẹ ò ní sin wọ́n sábẹ́ ẹní yẹn? Ẹ ó sin wọ́n. Ilé á di ibojì, àwa á di ará ọkọ̀. Bí wọn ò bá kú, iyọ̀ á wọlé. Èwo la wá ń dúró dè?"

 Ohun tí Ṣẹ̀gilọlá ń dúró dè, kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan. Lọ́pọ̀ òwúrọ̀ tó bá gbé ògì lọ fún Bàbá, tó sì bá a tó ń sùn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìgbà mìíràn wà tí èrò kan á yọ wọlé sí i lọ́kàn: bó bá ti lọ jẹ́jẹ́, tí mo sì gbàgbé ìlérí mi, tí mo jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, yàrá á ṣẹ́kù fún gbogbo wa. Á wá rí i pé Bàbá ń mí, ojú á sì tì í débi pé kò ní lè bá a sọ̀rọ̀ dáadáa títí di ọ̀sán. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, opó ni, ìwà rẹ̀ kò burú. Síbẹ̀, pátákó géètì yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tó ń díye lé èémí bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rọ awolẹ̀ rìn wá bá wọn. Ó gún ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹ máa bínú," ó sọ. "Iyọ̀ ti wọ ibí. Yàrá méjì ló kù. Bó bá dé ìdí igi ọsàn, ó parí. Mo rò pé omi ìrọ̀lẹ́ yìí lè gbé e débẹ̀."

Akínwándé fi ọwọ́ bo ojú. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Èyí ló dun Ṣẹ̀gilọlá jù, nítorí láti kékeré ni ọmọkùnrin náà ti máa ń pariwo bí nǹkan bá dùn ún, tí á sì tán nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì padà sínú ilé.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó mú irin akunlé náà jáde, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ògì.

"Bàbá, mi ò ha ọ̀rọ̀ yẹn mọ́," ó sọ. "Màá ní kí ẹ̀rọ máa lọ. Ẹ jókòó sínú ilé yín. Mi ò ní bi yín léèrè ẹni tó ni ìkòkò kẹta mọ́. Lọ́jọ́ tó bá yá, abẹ́ ẹní yìí náà ni, bí mo ṣe ṣèlérí."

Bàbá wo irin náà. "Iye mélòó ni pátákó sọ?"

"Méjì."

"Àníkẹ́ ń kọ́?"

"Kó bí i síbí. Ẹ̀yìn ìyẹn, a ò mọ̀."

Àníkẹ́ yí ojú sí ògiri. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

 Láti òde ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lórí yanrìn. Nígbà tí Bàbá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, bí ohùn ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́.

"Èmi ni mo ni ẹ̀kẹta, Ṣẹ̀gi."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ìgbà tí ẹ ti dàgbà lẹ kọ́ ilé yìí."

"Wọ́n gbé e wá ni. Àgọ́-Akàn ni wọ́n ti bí mi, létí òkun lọ́hùn-ún. Ilé tiwa wà níbẹ̀, ilé tó dára. Àwọn kan wá bá ìyá mi ná an nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ìyá mi ní òun ò tà, pé inú ilẹ̀ ibẹ̀ ni bàbá mi wà, òun ò lè fi í sílẹ̀. Òkun ń bọ̀, gbogbo wa ń wò ó. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá ná an, ọdọọdún ni owó rẹ̀ ń kéré sí i, ìyá mi ṣáà ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó máa gbà láti tà á, kò sí ẹni tó ń rà á mọ́." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Omi ti mù wá dé orúnkún ká tó jáde. Mo dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ń fọwọ́ wá inú ẹrẹ̀ títí tó fi rí ìkòkò yẹn. Òun nìkan ló rí gbé. Bàbá mi ṣì wà nísàlẹ̀ òkun."

"Ẹ ò sọ fún wa rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ṣe ohun tí ìyá mi ṣe. Mo mọ̀ pé mò ń ṣe é. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, á sú ẹ̀rọ yẹn, á lọ, kò ní jẹ́ pé èmi ni mo kọ̀." Ó wo ẹní tó wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún. "Mo fẹ́ràn ilé yìí ju bó ṣe yẹ. Ìwọ ì bá ti pariwo mọ́ mi, ọmọ yìí. Sùúrù tó o ṣe fún mi yìí ni mi ò lè fara dà. Fà mí dìde."

Wọ́n jọ rìn lọ sí ìdí igi ọsàn, oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀. Ṣẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ gbẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà Akínwándé. Ìṣaasùn méjèèjì jáde pẹ̀lú ọmọrí wọn. Ẹ̀rọ náà fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan ọwọ́ wọn, ó sì kan ìkòkò, ó ní, "Ara kan náà ni." Nígbà tó kan Bàbá, ó kúnlẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbẹ́ ẹ. Ṣẹ̀gilọlá di ìbàdí rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Ó pẹ́ gan-an. Ó ń fi ìka wá abẹ́ gbòǹgbò, ó ń sinmi, ó tún ń wá a. Ìkòkò tó fà jáde kéré sí ti àwọn ọmọ rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti fọ́, yanrìn funfun etí òkun sì ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Ara kan náà ni," ẹ̀rọ náà sọ. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

 Bàbá fi aṣọ ara rẹ̀ nu ìkòkò náà, ó gbé e dání bó ṣe ń bá wọn lọ sí ẹnu géètì. Àwọn ọmọ méjèèjì gba irin náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ha ọ̀dà dúdú yẹn títí tí kò fi sí lẹ́tà kan tó ṣeé kà mọ́. Pátákó yí padà. Ó kọ nọ́ńbà ilé gogoro kan síbẹ̀, àti yàrá méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Akínwándé dúró, ó ń ka nọ́ńbà náà jẹ́jẹ́ sétí ara rẹ̀. Lódìkejì, etí ihò ilé Ìyá Rúkà ti rin.

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́," ẹ̀rọ náà sọ, "òfin gba ilé kọ̀ọ̀kan láàyè láti mú ilẹ̀ korobá kan dání, bí ẹ bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́."

"A fẹ́," Bàbá sọ.

Ó ní kí Ṣẹ̀gilọlá lọ mú korobá inú ilé ìwẹ̀ wá. Ṣẹ̀gilọlá mú un wá, ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Bàbá sì pè é padà. Ó nawọ́ sí pálọ̀, wọ́n sì jọ wọlé. Àníkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó sún sẹ́yìn. Bàbá tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ẹní yẹn nílẹ̀, ó fi tì sí ògiri. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n, ó ń dán díẹ̀ níbi tí ẹní ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá.

"Gbẹ́ ẹ níbí."

Ṣẹ̀gilọlá dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. "Bàbá, ilẹ̀ yín nìyí."

"Ilẹ̀ mi ni. Kò sí ilẹ̀ lókè, Ṣẹ̀gi. Níbo lẹ fẹ́ sin ibi ọmọ Àníkẹ́ sí?"

Àníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Okùn búlúù ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a mú un. Ṣẹ̀gilọlá kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀ náà, ó ń da á sínú korobá, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Bàbá jókòó sí àyè rẹ̀, ó gbé ìkòkò elétí fífọ́ náà lé itan, ó ń wò ó. Nígbà tí korobá kún, Ṣẹ̀gilọlá fẹ́ gbé e.

"Má tíì gbé e," Bàbá sọ. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó lè gbà sí i."